Crowther kì í ṣe "akérò-jọ" o, onígòjé ni

Àbúrò kan kọ ìbéèrè sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní wọ́n ṣe ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹni tó wàásù wá sọ fún ìjọ pé inú "crowd" tó jẹ́ èrò lédè Gẹ̀ẹ́sì ni Crowther ti wá, pé ẹni tó ń kó èrò jọ ni ìtumọ̀ ẹ̀, àti pé Ọlọ́run ti fi orúkọ yẹn sàmì sí i lára tipẹ́ kó tó di pé ó ń kó ọkàn wá sínú agbo. Ni gbogbo ìjọ bá hó yè. Wọ́n délé tán, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní irọ́ ni, pé orúkọ ọ̀gá tó ra Àjàyí lẹ́rú ni, òun ló fi ń jẹ́ ẹ. Ó wá ní kí n bá àwọn dá sí i, ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì?

Kò sẹ́ni tó jàre. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ ṣàkó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń ká mi lára ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá níléèwé, ilé àyàn sì ni wọ́n ti bí ìyá tó bí mi, mi ò lè jókòó kí wọ́n máa fi orúkọ ṣe àlọ́ àpamọ̀ lórí pẹpẹ. Ẹni tí ò bá mọ ìtumọ̀ orúkọ, kó béèrè. Ẹ yéé gbọ́ bó ṣe ń dún létí kẹ́ ẹ wá máa hun ìwàásù lé e lórí.

Ti ọ̀gá ẹrú yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú, torí ìyẹn ò le. Ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn, ìlú Àjàyí, ọmọ bí ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá ni Àjàyí nígbà yẹn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kódà wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, títí tó fi dé Èkó, tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí. Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Ìlú Ọba tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n kó o sí, Esperança Felix lorúkọ ọkọ̀ ọ̀hún, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Nínú gbogbo àwọn tó mú un, tó rà á, tó tún tà á, Fúlàní wà níbẹ̀, Yorùbá bíi tèmi tìẹ wà níbẹ̀, Potogí wà níbẹ̀, kò sí Crowther kankan níbẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1825 ni àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ọjọ́ yẹn ló gba Samuel Crowther, odidi orúkọ èèyàn kan ni, fíkà ìjọ Christ Church ní Newgate Street ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó sí ìgbìmọ̀ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà. Kì í ṣe Crowther nìkan ló gbà lọ́wọ́ bàbá yẹn, Samuel gan-an, tiẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Freetown nìyẹn, orúkọ míṣọ́nnárì tàbí orúkọ ẹni tó ń dáwó fún míṣọ́n ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀. Bóyá ó dáa tàbí kò dáa, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, àwọn kan láyé ìgbà yẹn náà gbà pé kò dáa, David Brown Vincent, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi, bọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1894 ó di Mojola Agbebi, mo sì gbé òṣùbà fún un. Àmọ́ pé inú ń bí èèyàn sí nǹkan ò ní kó máa purọ́ mọ́ ọn.

Ó wá ku ti "akérò-jọ".

Ẹ wò ó, Gẹ̀ẹ́sì kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bíi tiwa. Tí mo bá kọ igba, igbá, ìgbà àti ìgbá sílẹ̀ láìfi àmì sí i, ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá á ní nǹkan kan náà ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "crowd" ṣe rí, méjì ló wà, wọn ò sì bára wọn tan. Àkọ́kọ́ ni èrò, inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí kéèyàn ti nǹkan, kó fún un mọ́ra, ló ti wá. Èkejì jẹ́ ohun èlò orin, ọ̀dọ̀ àwọn ará Wales ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. Èkejì yìí ló bí Crowther.

Crwth ni àwọn ará Wales ń kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, w ni wọ́n fi ń kọ ohùn tí àwa ń fi u kọ, ẹ ṣáà pè é ní "krúùth", ẹ ti pè é. Àwọn ará Ireland ní ọ̀rọ̀ tó bá a tan, cruit, háàpù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún ń pe iké ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, torí nǹkan tó wú, tó yọ róbótó bí ikùn, ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ó ti pẹ́ gan-an o. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà lẹ́yìn ikú Olúwa wa, akéwì kan tó ń jẹ́ Venantius Fortunatus ti dárúkọ ẹ̀ nínú ewì tó fi Látìn kọ, níbi tó ti ń ka ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan fi ń kọrin yin ọ̀gá, ó ní kí chrotta àwọn ará Britain náà máa dún. Bó ṣe rí lọ́wọ́ àwọn ará Wales nígbà tó yá, ó dà bí àpótí pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí wọ́n gbẹ́ lára igi, okùn ẹ̀ mẹ́fà, mẹ́rin wà lórí ọrùn tí ìka ń tẹ̀, méjì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí àtàǹpàkò máa ń ta, ọrun tí wọ́n so irun ẹṣin mọ́ ni wọ́n sì fi ń fà á kó lè dún. Wọ́n ń lò ó ní Wales títí di nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn kí fáyólíìnì tó gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú rí i, ọ̀kan wà ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní St Fagans nítòsí Cardiff, 1742 ni wọ́n gbẹ́ ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí gòjé rí, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Irun ẹṣin lórí ọrun, ẹni tó ń fà á dá a lé àyà, ohùn ẹ̀ ń ké bí ẹni tó ń sunkún. Okùn tiwọn pọ̀ ju ti gòjé lọ, òkè Ọya ni gòjé sì ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, síbẹ̀ èmi ò rí ohun tó tún sún mọ́ crwth lójú Yorùbá ju òun lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu àwọn kan ń pè é ní crouth, ẹnu àwọn mìíràn ń pè é ní crowd. Ẹni tó ń ta á wá ń jẹ́ crouther tàbí crowder. -er tó wà nídìí ẹ̀ yẹn, oní- tiwa ni, oníbàtá, onígángan, onígòjé. Òun ni ẹ ṣe ń rí Crowther, tẹ́ ẹ tún ń rí Crowder, ilé kan náà ni. Kì í ṣe orúkọ tó wọ́pọ̀ bíi Smith, Yorkshire ló kúnlẹ̀ sí jù, apá West Riding, níbi Huddersfield àti Halifax, níbi tí òkè pọ̀ sí tí wọ́n ti ń fi irun àgùntàn hun aṣọ. Th ibẹ̀ kì í dún bíi t o, àwa la sọ ọ́ di "Kiráótà", lẹ́nu àwọn tó ni ín ó sún mọ́ "Kiráúdà".

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ rèé. Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èèyàn máa ń rò pé àwa nìkan là ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé òyìnbó kàn ń mú orúkọ tó bá wù ú ni. Irọ́ ńlá! Àwọn òyìnbó náà ò ní orúkọ ìdílé látìbẹ̀rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni oníkálukú ń jẹ́, ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn ará Normandy gba ìlú wọn ní 1066 ló bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó fi máa di 1400 ó ti dé ọ̀dọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Báwo ni wọ́n ṣe ń mú un? Ilé ni wọ́n wò. Ta ni bàbá rẹ? Ibo lo ti wá? Irú ara wo lo ní? Kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín? Tí John méjì bá wà lábúlé, tí ọ̀kan jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó di John Smith. Èkejì ń ta crowd níbi ìgbéyàwó, níbi ọdún, nílé ọtí, níwájú àwọn ìjòyè, ó di John Crowther. Ó kú, ọmọ ẹ̀ gba ọrun lọ́wọ́ ẹ̀, ó gba orúkọ mọ́ ọn. Ọmọ ọmọ ẹ̀ lè má mọ bí wọ́n ṣe ń fa okùn mọ́, orúkọ ò kúrò nílé.

Kí là ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa? Àyàn! Àyántúndé, Àyánwálé, Àyándélé, Àyánkúnlé. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ Àyàn lórí orúkọ ẹnìkan, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá rí ìlù léjìká ẹ̀, ẹ ti mọ ilé tó ti wá. Ohun tí mo ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, mo sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi títí ó fi sú wọn: Crowther ni Àyàn àwọn òyìnbó. Ẹ gbé wọn síra ẹ wò. Iṣẹ́ tí bàbá fi ń lé ọmọ lọ́wọ́ ni méjèèjì. Àwọn méjèèjì ń rìn láti agboolé dé agboolé, wọ́n ń kí ẹni tó bá ṣeyẹ, wọ́n ń jẹ níbẹ̀, wọ́n ń gbowó níbẹ̀. Ìlú ò lè ṣe ìgbéyàwó láìsí wọn, síbẹ̀ àwọn kan á tún máa wò wọ́n bí alágbe, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wo àwọn olórin arìnrìn-àjò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, òfin wà tí wọ́n fi ń mú wọn bí ẹni tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹnìkan sọ fún mi pé Àyàn jẹ́ òrìṣà, Àyàn Àgalú, asọ̀rọ̀ igi, pé a ò lè fi wé orúkọ iṣẹ́ lásán. Mo gbọ́. Àmọ́ kí ni Àyàn kó tó di ohun tí à ń bọ? Èèyàn tó ń lùlù ni, àwọn ọmọ ẹ̀ ló gbé e ga. Àwa a máa bu ọlá fún ẹni tó kọ́kọ́ di iṣẹ́ náà mú, àwọn ń dárúkọ iṣẹ́ náà. Ilé náà la jọ wò.

Ohun tó tún dá mi lójú tó sì máa ń mú orí mi wú rèé. Nígbà tí John Wycliffe àti àwọn èèyàn ẹ̀ sọ Bíbélì di Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, wọ́n dé orí Lúùkù orí kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìtàn ọmọ onínàákúnàá. Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ láti oko, ó kù díẹ̀ kó délé, kí ló gbọ́? Wọ́n kọ ọ́ pé "a symfonye and a croude". Crowd yẹn náà ni! Ọmọ tó sọnù ti padà délé, bàbá ń ṣàríyá, wọ́n ń ta crowd nínú ilé. Nígbà tí wọ́n tún tú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1611 wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi orin àti ijó sí i, orin àti ijó náà ló sì wà nínú Bíbélì Yorùbá tiwa. Ta ló tú Lúùkù sí Yorùbá? Crowther fúnra ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kó lọ ní 1821, tí kò fojú kan ìyá ẹ̀ mọ́ títí di 1846 ní Abẹ́òkúta, òun ló jókòó tó ń tú ìtàn ọmọ tó sọnù tí wọ́n rí, orúkọ tó ń jẹ́ sì ti fìgbà kan wà nínú ẹsẹ yẹn bí ohun èlò ayọ̀. Ẹ̀yin oníwàásù, tẹ́ ẹ bá ń wá ìwàásù lórí orúkọ Crowther, ibí ni kẹ́ ẹ wá, ó wà nílẹ̀ gbẹdẹmukẹ, kí lẹ ń fi irọ́ ṣe?

Ó sì ń dùn mí. Ìdí tó fi ń dùn mí rèé. Ẹ̀gbọ́n mi kan nílé ìyá mi, Àyán ló wà níwájú orúkọ ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó dara pọ̀ mọ́ ìjọ kan, wọ́n ní orúkọ òrìṣà ń dí i lọ́nà, ó lọ sí kóòtù ó búra, ó fi Jésù rọ́pò Àyán. Àwọn ọmọ ẹ̀ ń jẹ́ ẹ báyìí, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé onílù làwọn ti wá. Ìjọ yẹn kan náà ló ń sọ ọmọ ní Crowther bí orúkọ àárín, wọ́n ní orúkọ mímọ́ ni. Orúkọ onílù la gbé sọnù, orúkọ onílù la tún gbé wọlé, a ò mọ èyí tá a jù nù, a ò mọ èyí tá a gbé. Mo bá a sọ ọ́, ó ní kí n má fi ìwé kíkà da ìgbàgbọ́ òun rú. Mo dákẹ́. Àmọ́ títí dòní tí mo bá rí orúkọ yẹn lórí fóònù mi, ọwọ́ mi kì í lè tẹ̀ ẹ́, Àyán ni mo fi tọ́jú ẹ̀.

Ẹ máa fojú sílẹ̀ sí àwọn tó kù náà, Crowther nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ransome tí Fela yọ kúrò, wọ́n máa ń ní "owó ìràpadà ẹrú" ni, kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ Rand ni, Rand sì jẹ́ ìnagijẹ Randolph. Macaulay, ọmọ Olaf ni, mac yẹn ni ọmọ. Walker kì í ṣe arìnrìn-àjò, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ irun àgùntàn nínú omi kó lè ki ni. Èyí tó bá kù kẹ́ ẹ béèrè.

Èyí tó jẹ́ kó dá mi lójú pátápátá ò tiẹ̀ sí nínú ìwé. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, tó lu dùndún fún ọba mẹ́ta, mo lọ kí i, mo rí ẹnìkan tó ń ta crwth lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbé fóònù sí i létí. Mi ò sọ ibi tó ti wá fún un. Ó di ojú, ó ń fi ìka lu itan. Ó ní, "Gòjé ni, àmọ́ okùn ẹ̀ pọ̀." Ó tún gbọ́ ọ síwájú. Ló bá bi mí pé, "Ta ló ń kì?" Mo ní bàbá, wọ́n kàn ń ta á ni. Ó ní rárá, kò sí ẹni tó máa ń kàn ta á, kí n béèrè lọ́wọ́ wọn.

Fún àbúrò tó béèrè àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀: ẹ ti rí i pé kò sí ọ̀gá ẹrú, kò sí akérò-jọ. Onígòjé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, ó wá dé ọ̀dọ̀ fíkà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ dé Freetown, ó wá bá Àjàyí ògídí olú tó ti dojú bolẹ̀ wáyé kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣọ́ọ̀ṣì fíkà yẹn ò jìnnà sí St Paul's. Bọ́ǹbù àwọn Jámánì jó o ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1940, ilé gogoro ẹ̀ àti díẹ̀ nínú ògiri ló kù, wọ́n gbin òdòdó sí àárín ibi tí àwọn ìjọ ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó ń gba owó ẹnu ọ̀nà. Ẹ yà síbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ráyè, kẹ́ ẹ mú àwọn ọmọ dání.